Kí ló dé tí fíìmù ìfẹ́ apanilẹ́rìn-ín kì í kúrò ní Èkó? Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ẹ dá sí i

ỌmọFọlágbadé (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ọmọ alárè, ẹ̀yin ọmọ Rẹ́mọ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò.

Mo fẹ́ràn fíìmù ìfẹ́ apanilẹ́rìn-ín ju irú fíìmù mìíràn lọ, pàápàá èyí tí ìfẹ́ ti lọ́ mọ́ ara wọn: ọkùnrin kan, obìnrin méjì, obìnrin kan, ọkùnrin méjì, ọ̀rẹ́ tó ń yọ́ fẹ́ àfẹ́sọ́nà ọ̀rẹ́ rẹ̀. Èkó ni mo ti ń rí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Ìlú ńlá nìkan ló gba irú ìkọ̀kọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní ọ̀rẹ́bìnrin ní Ìkejà, tó tún ní òmíràn ní Ọbáléndé, afárá Third Mainland tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 12 ló ń bá a pa àṣírí mọ́. Bí wọ́n bá pè é pé níbo ló wà, á ní òun wà nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, ta ló máa jà á níyàn? Ẹ dán an wò ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Kí o tó ti Fọlágbadé dé Ìmòwò, ìyá ọmọ náà ti gbọ́.

Ṣùgbọ́n ibi tí mò ń lọ gan-an nìyí: Èkó ló ń ta kókó, ilé ni wọ́n ti ń tú u. Kò sí ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń dá wàhálà ìfẹ́ sílẹ̀ ní Èkó tí kò ní wálé ní Sátidé kan fún ìsìnkú, ìgbéyàwó tàbí ìṣílé. Ibẹ̀ ni gbogbo àwọn tí kò yẹ kí wọ́n pàdé ti máa ń jókòó sábẹ́ ìbòrí kan náà. Nínú Phone Swap tí Kúnlé Afọláyan ṣe ní 2012, fóònù ọkùnrin kan àti ti obìnrin kan gba ọwọ́ ara wọn ní pápákọ̀ òfurufú. Ọkùnrin náà bá ara rẹ̀ ní Owerri láàrin ẹbí obìnrin náà, obìnrin náà lọ jẹ́ iṣẹ́ ọkùnrin náà ní Àbújá. Ìgbà tí wọ́n kúrò ní Èkó ni eré náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dùn lójú tèmi. Irú ẹ̀ ni mo fẹ́ rí lọ́nà ilé wa. Kí lẹ rò?

ÌyáÌbejìMákùn (Ṣàgámù)

Ọmọ mi, òótọ́ lo sọ. Aṣọ ni mò ń rán, ojú mi sì ti rí nǹkan lórí aṣọ ẹbí. Ẹ gbọ́ èyí wò. Ọkùnrin kan fẹ́ sin ìyá rẹ̀, ó ní obìnrin méjì ní Èkó. Léèsì ni ẹbí ń wọ̀, àǹkárá ni ọ̀rẹ́ ń wọ̀. Ó fún ọ̀kan ní léèsì, ó fún ìkejì ní àǹkárá, ó sì sọ fún ẹni tó gba àǹkárá pé léèsì ti tán. Obìnrin yẹn ò tíì rí orogún rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò tíì la ẹnu, àmọ́ bó ṣe wọ gbàgede tó rí obìnrin kékeré kan nínú léèsì ẹbí, tí àwọn àbúrò ọkùnrin náà ń gbé oúnjẹ fún un, ó ti mọ ibi tí wọ́n to òun sí. Mi ò tíì rí fíìmù tó lo aṣọ ẹbí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ ni kí aṣọ máa dán.

Ojúde Ọba sì tún wà ńlẹ̀. Ọjọ́ kẹta Iléyá, gbogbo rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn bára mu, ló ń jáde nínú aṣọ tiwọn, àwọn ìdílé balógun lórí ẹṣin. Àwọn tó wà ní Èkó, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Amẹ́ríkà, wọ́n á wálé. Níbo ni ọkùnrin olóbìnrin mẹ́ta fẹ́ sá gbà lọ́jọ́ náà, tí òun pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjá níwájú gbogbo ayé?

ÀbúròÌlíṣàn (Ìlíṣàn-Rẹ́mọ)

Mo kí gbogbo yín o, ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ìyá wa. Ẹ má bínú, mi ò gbà á tán.

Kì í ṣe gbogbo eré ìfẹ́ ìlú ńlá ló nílò ẹbí. When Harry Met Sally ti 1989, New York ni. Inú ọkọ̀ kan náà ni ọkùnrin àti obìnrin yẹn ti bẹ̀rẹ̀ láti Chicago, wọn ò fẹ́ràn ara wọn, wọ́n pínyà, wọ́n tún ń pàdé, ó sì lé lọ́dún mẹ́wàá kí wọ́n tó gbà pé ìfẹ́ ni. Ọ̀rẹ́ ló ń bá wọn dá sí i níbẹ̀, kì í ṣe òbí. Ìlú ńlá ló mú kí wọ́n lè pínyà, òun náà ló tún ń sọ wọ́n pàdé ní ilé ìtàwé àti níbi àríyá. Bó ṣe wà fún ọ̀pọ̀ nínú àwa ọ̀dọ́ nìyẹn. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé Yábàá, àwọn mẹ́rin ló jọ gba ilé, àwọn mẹ́rin yẹn ló mọ gbogbo ẹni tí wọ́n ń fẹ́. Ilé ò gbọ́ nǹkan kan títí ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́.

Mo fẹ́ kí fíìmù wa bọ̀wọ̀ fún ìyẹn náà. Àdánìkanwà inú èrò, pé o wà láàrin ogunlọ́gọ̀ èèyàn, síbẹ̀ o ò rí ẹni bá sọ̀rọ̀ nígbà tí o délé lálẹ́. Ohun tó ń mú kí èèyàn fẹ́ ẹni tí kò yẹ kó fẹ́ nìyẹn nígbà mìíràn. Kì í ṣe ìwà àgbèrè nìkan.

ỌmọFọlágbadé

Àbúrò, o kọ ọ́ dáadáa. Mo gbà pé mo fojú fo àdánìkanwà yẹn. Ṣùgbọ́n wo ohun tí ìwọ fúnra rẹ parí sí: ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ilé náà ni.

AláṣọÒkèÌpẹru (Ìpẹru-Rẹ́mọ)

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ilé yìí, torí ẹ ń sọ ọ́ bíi pé ibi ayọ̀ ni fún gbogbo wa. Ilé tí ẹ ní wọ́n ti ń tú kókó, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń bi mí pé "ọkọ dà?" kí n tó sọ báàgì kalẹ̀. Mo ti wá síbi ìgbéyàwó àbúrò mi tí wọ́n ń gbàdúrà fún mi sókè ju ìyàwó lọ.

Ìdí tí mo ṣe fẹ́ràn Isoken nìyẹn, èyí tí Jadesola Osiberu kọ tó sì darí ní 2017. Ọmọ ọdún 34 ni Isoken, ó níṣẹ́ gidi, ó ní ọ̀rẹ́ gidi, Èkó ló ń gbé, ẹbí rẹ̀ sì ń wò ó bí ẹni tí nǹkan kù sí lára torí kò tíì lọ́kọ. Ìyá rẹ̀ wá Osaze fún un, ọmọ Ẹdó bíi tiwọn, ẹni tí ìyá èyíkéyìí á máa ṣàdúrà pé kí ọmọ òun fẹ́. Òun fúnra rẹ̀ pàdé Kevin, òyìnbó. Ẹ wo bí ìfẹ́ ṣe lọ́ pọ̀ níbẹ̀: kò sí èké nínú ọ̀rọ̀ náà, kò sí ẹni tó ń sá pamọ́ lórí afárá. Obìnrin kan wà láàrin ẹni tó tẹ́ gbogbo èèyàn lọ́rùn àti ẹni tó tẹ́ òun lọ́rùn. Eré náà pa mí lẹ́rìn-ín gan-an, síbẹ̀ a ò fi Isoken rẹ́rìn-ín, àwọn tó ń tì í la fi ń rẹ́rìn-ín. Ìyàtọ̀ yẹn ṣe pàtàkì sí mi.

Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù wa, ọkùnrin tó ní obìnrin mẹ́ta, gbajúmọ̀ ni, a ó máa bá a wá ọ̀nà tó máa gbà yọ. Obìnrin tó ní ọkùnrin méjì, ẹkún ló máa fi parí eré náà, pásítọ̀ tàbí ìyá ọkọ á sì wá bá a wí. Bí ẹ bá máa gbé eré náà wá sílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e wá kí ìyá kan lè dìde ní gbàgede láti dójú ti obìnrin, kí orin àwàdà sì máa dún lábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo ti wà lórí àga yẹn. Kò dùn.

ÌyáÌbejìMákùn

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ rẹ wọ̀ mí lára. Àwa ìyá náà ń bẹ̀rù ni, ìbẹ̀rù yẹn ló ń di ariwo lẹ́nu wa. Ó yẹ kí fíìmù fi ìyẹn náà hàn.

AlàgbàÒṣósà (Òṣósà)

Ẹ kú àsọyé, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ka gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀.

Ẹ rántí pé ìlú wa ló bí ẹni tó gbé eré ìtàgé Yorùbá kúrò lójú kan. Òṣósà níbí ni wọ́n ti bí Hubert Ògúndé ní 1916. Iṣẹ́ ọlọ́pàá ló ń ṣe kó tó dá ẹgbẹ́ eré sílẹ̀ ní Èkó ní 1945. Kò jókòó sí Èkó. Ó ń kó eré, ìlù àti àwọn òṣèré sínú ọkọ̀, ó ń gbé wọn láti ìlú dé ìlú, ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣèré obìnrin rẹ̀ ló sì fi ṣaya. Nígbà tó wá di ti fíìmù, Òṣósà ló padà sí láti kọ́ ibùdó eré rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ó ṣòro láti ṣe eré ní ọ̀nà Ìjẹ̀bú, kó wá wo ibi tí bàbá náà ti ṣe é.

Ní ti ìfẹ́ tó lọ́ pọ̀, kì í ṣe ìlú ńlá ló kọ́kọ́ bí i. Gbogbo wa la gbọ́ ìtàn ọmọge tó kọ gbogbo ọkùnrin ìlú. Ó rí àjèjì arẹwà kan lọ́jà, ó ní òun ni òun máa fẹ́, ó tẹ̀ lé e. Bí wọ́n ṣe ń lọ nínú igbó ni ọkùnrin náà ń dá ẹ̀yà ara tó yá padà fún àwọn tó ni ín, ó dá ẹsẹ̀ padà, ó dá apá padà, títí ó fi ku agbárí nìkan. Ẹ gbé e wá sí ayé òde òní, kò nílò àtúnṣe púpọ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan ní Lẹ́kkí: mọ́tò tó yá, aago ọ̀rẹ́, ilé ọ̀gá tó ní kó bá òun ṣọ́. Ọmọge ní kó wá mọ ilé àwọn ní Ìjẹ̀bú. Wọ́n gba ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Ní Àjá, ẹni tó ni mọ́tò pè, ó gbà á, wọ́n wọ ọkọ̀ èrò. Ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n bá ọ̀rẹ́ tó ni aago pàdé. Kí wọ́n tó dé Ìjẹ̀bú-Òde, ọkùnrin náà ti ku òun àti ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Ìbéèrè eré náà ni bóyá ọmọge á ṣì fẹ́ ẹni tó kù yẹn. Nínú ìtàn àtijọ́, ó sá. Nínú èyí, mo rò pé ó lè dúró wò ó dáadáa, torí ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i.

ÀbúròÌlíṣàn

Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Mo ti fi èyí ránṣẹ́ sí gbogbo ọ̀rẹ́ mi.

Òǹkọ̀wéEré (Ṣàgámù)

Mo máa ń kọ eré fún àwọn tó ń ṣe fíìmù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń rìn.

Ohun tó ń mú ẹ̀rín wá nínú ìfẹ́ tó lọ́ pọ̀ ni pé òǹwòran mọ ohun tí ẹni inú eré ò mọ̀. Bí òǹwòran àti òṣèré bá jọ gbọ́ àṣírí pọ̀, ìyàlẹ́nu lásán ni, ó ti tán. Bí òǹwòran bá ti mọ̀ ṣáájú, gbogbo ìkíni, gbogbo "ẹ jókòó", gbogbo àwo ìrẹsì tí wọ́n gbé kọjá di ẹ̀rù àti ẹ̀rín. Lẹ́yìn ìyẹn, àkókò gbọ́dọ̀ há. The Wedding Party tí Kẹ́mi Adétiba darí ní 2016 mọ èyí dáadáa: ọjọ́ ìgbéyàwó kan ṣoṣo ni, ẹbí Yorùbá àti ẹbí Igbo nínú gbọ̀ngàn kan, ọ̀rẹ́bìnrin àtijọ́ ọkọ ìyàwó náà sì wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó lè sọ pé òun á padà wá lọ́la.

Ohun tí èmi fẹ́ kọ rèé. Obìnrin méjì pàdé nínú ọkọ̀ elérò 18 ní Ojọ́ta, ọ̀kan wá láti Ìkejà, ọ̀kan láti Ọbáléndé. Ọkọ̀ ò tíì kún, ẹ sì mọ̀ pé kò ní gbéra títí yóò fi kún. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ọ̀kan ń lọ síbi ìsìnkú ìyá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ tó ń jẹ́ Káyọ̀dé. Ìkejì ń lọ síbi ìsìnkú ìyá ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ tó ń jẹ́ Richard. Orúkọ ilé ló fún ọ̀kan, orúkọ ìsàmì ló fún ìkejì, oríkì "Àkànní" ni gbogbo ará ilé mọ̀ ọ́n sí. Àwa tí a ń wò ti rí i láàárọ̀ tó ń pe àwọn méjèèjì. Àwọn ò mọ̀. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn. Ọ̀kan ra gúgúrú àti ẹ̀pà, wọ́n jọ jẹ ẹ́. Ọ̀kan ń sọ bí ọkùnrin òun ṣe ń parọ́ sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, ìkejì sọ fún un tọkàntọkàn pé kó fi í sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá máa dé oríta Ṣàgámù, níbi tí ọ̀nà Ìbàdàn àti ọ̀nà Benin ti pínyà, ọ̀rẹ́ ni wọ́n ti dà, òun gan-an ló sì mú kí ohun tó ń bọ̀ dun èèyàn. Ìjà obìnrin méjì lórí ọkùnrin kan ti sú mi. Ọ̀rẹ́ méjì tí ọkùnrin kan fẹ́ bà jẹ́, ìyẹn ni mo fẹ́ wò.

OníṣiròÌgbó (Ìjẹ̀bú-Igbó)

Gbogbo rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ti owó. The Wedding Party pa owó tó lé ní 400 mílíọ̀nù náírà ní sinimá. Èkó ni sinimá pọ̀ sí jù, ẹni tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì sì fẹ́ rí ilé ńlá àti àdúgbò tó ń wù ú. Bí o bá kó kámẹ́rà, jẹnẹrétọ̀ àti òṣèré wá sí ọ̀nà ibí, o máa bọ́ wọn, o máa wá ibi tí wọ́n á sùn. Ìdí tí àwọn tó ń náwó ò fi í kúrò ní Èkó nìyẹn, kì í ṣe pé wọ́n kórìíra ilé. Àmọ́ eré inú ọkọ̀ yìí, ọkọ̀ kan, òṣèré méjì àti èrò, ìyẹn ò ní gba owó ńlá.

ÌyáÌbejìMákùn

Ẹ má gbàgbé alága o! Ní ibi ìdána, alága ìjókòó wà fún ẹbí ìyàwó, alága ìdúró wà fún ẹbí ọkọ. Ẹnu wọn mú, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ ọkọ ìyàwó lórí ohun gbogbo. Nínú fíìmù, wọ́n kàn ń mú wọn wá kí wọ́n pariwo díẹ̀. Alága tó dáńtọ́ máa ń wo ojú èèyàn. Òun ló máa kọ́kọ́ rí i pé ọkọ ìyàwó ń làágùn nígbà tí obìnrin kan báyìí wọlé. Ẹ jẹ́ kí alága mọ̀, kó sì máa fi orin sọ ọ́, kí ó jẹ́ pé ọkọ ìyàwó nìkan ló yé.

Òǹkọ̀wéEré

Ìyá, mo ti kọ èyí sílẹ̀. Ẹ ṣeun.

ÀbúròÌlíṣàn

Ìbéèrè kan ṣì wà fún mi. Ṣé ìkọ̀kọ̀ ṣì wà ní Èkó ni? Ẹnì kan á ya fọ́tò níbi àríyá, á fi sí WhatsApp, ojú gbogbo èèyàn á dé ibẹ̀ kí ọtí tó tán. Mo rò pé eré tó dúró lórí àṣírí nìkan ti ń kúrò nílẹ̀. Àwọn tí mo mọ̀, wọ́n mọ gbogbo rẹ̀, wọ́n sì ṣì wà níbẹ̀. Wọn ò lè yàn.

AláṣọÒkèÌpẹru

Àbúrò, ibi tó wà gan-an lo fọwọ́ kàn yẹn. Ẹ wo Ó Le Kú, ìwé Akínwùmí Ìṣọ̀lá tó jáde ní 1974, tí Túndé Kèlání fi ṣe fíìmù ní 1997. Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn, wà láàrin Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé. Àṣírí kọ́ ni wàhálà Àjàní, àìlèyàn ni. Ìtàn náà ò sì parí sí ẹ̀rín rárá. Bí a bá fẹ́ kí irú rẹ̀ parí sí ẹ̀rín, mo rò pé obìnrin ló yẹ kó máa yàn, kí ó sì yàn kí ó tó pẹ́ jù. Òǹkọ̀wé, nínú ọkọ̀ rẹ yẹn, má jẹ́ kí àwọn méjèèjì di ẹni tí wọ́n já àṣírí lé lórí ní gbàgede. Jẹ́ kí ọ̀kan ti mọ̀.

Òǹkọ̀wéEré

Mo gbà, mo sì ti yí i padà. Ẹni tó wá láti Ọbáléndé ló máa mọ̀, kí wọ́n tó dé oríta Ṣàgámù, nígbà tí ẹnì kejì bá jẹ́ kó gbọ́ ohùn ọkùnrin náà lórí fóònù. Ó mọ̀, ó sì dákẹ́ títí dé Ìjẹ̀bú-Òde. Ohun tí mi ò tíì rí ni ìdí tó fi dákẹ́. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ ìlara, mi ò sì fẹ́ kó jẹ́ ìwà ọgbọ́n ẹ̀wẹ́.

ỌmọFọlágbadé

Bóyá ó ń ronú ohun tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ ṣe. Ìrìn-àjò náà lè jẹ́ gbogbo àyè tó ní láti yàn.

ÌyáÌbejìMákùn

Ìyẹn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí èmi mọ̀ nípa obìnrin. Ọmọ yẹn ti sọ fún un pé òun ò tíì jẹun láti àárọ̀, gúgúrú yẹn nìkan ló jẹ. Kò ní sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tébi ń pa. Á kọ́kọ́ mú un lọ jẹ ìkọ́kọrẹ́ ní ìdí gáréèjì, á jẹ́ kó yó, lẹ́yìn náà ni á wá sọ fún un, àwọn méjèèjì á sì jọ pinnu bóyá wọ́n ṣì fẹ́ wọ aṣọ òkú yẹn. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.